Ìyá mi yóò dúró fún wákàtí 15 ní Addis Ababa: báwo ni kí wọ́n ṣe lo àkókò náà?

Ọmọ Olùkọ́ (Àkúrẹ́)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá mi, tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní Òǹdó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó bímọ sí Toronto, kí wọ́n lè bá a wẹ ọmọ. Ọkọ̀ òfurufú Ethiopian ni yóò gbé wọn láti Èkó. Wọn yóò balẹ̀ sí Addis Ababa ní àárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Kánádà kò ní gbéra títí di alẹ́. Mo ṣírò rẹ̀, wákàtí 15 gbáko ni.

Ẹni ọdún 68 ni Màmá. Wọn kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí, àfi Kùtọnu tí wọ́n bá ẹgbẹ́ olùkọ́ lọ nígbà kan, orúnkún ọ̀tún a sì máa yọ wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá dúró pẹ́. Àbúrò mi ní kí wọ́n wá ìjókòó kan nínú pápákọ̀, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1963, tí àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó ní ọdọọdún, àwọn kò ní gba ibẹ̀ kọjá láìfojú kàn án. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n dé láyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ọ̀gá Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

Ọmọ Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni láti Èkó dé ibi tí ẹ ń lọ, àbí méjì tí ẹnì kan so pọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹrù yóò kọjá tààrà lọ sí Toronto láìjẹ́ pé Màmá tún fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ méjì, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ní láti jáde lọ gba ẹrù fúnra wọn ní Addis Ababa kí wọ́n sì tún un fi sílẹ̀, èyí sì ń béèrè físà.

Nígbà tí wọ́n bá ń lẹ ìwé pélébé mọ́ àpò ní Èkó, kí Màmá má ṣe kúrò níwájú kọ́ńtà kí wọ́n tó wo lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà tí ó wà lára rẹ̀. YYZ ni ti Toronto. Bí ó bá jẹ́ pé ADD nìkan ni wọ́n rí, Addis Ababa ni ẹrù náà yóò ti dúró, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n sì ti sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tọ́jú ìwé kékeré tí wọ́n bá fún wọn dáadáa, nítorí òun ni ẹ̀rí ẹrù náà.

Ní ti ibi ìsinmi, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yìí a máa fún èrò tí ìdúró rẹ̀ gùn, tí kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí ó lè tètè gbé e, ní yàrá ní ilé ìtura, pẹ̀lú oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí Màmá bá débẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ṣùgbọ́n yàrá ilé ìtura yàtọ̀ sí àṣẹ láti rìn káàkiri ìlú. Bí ìlú ni Màmá fẹ́ rí, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà Ethiópíà kí wọ́n tó kúrò nílé, kí yẹ́lò káàdì wọn, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, sì wà nínú ìwé ìrìnnà, kí ó má wà nínú àpò ńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tẹ́lẹ̀

Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Tíkẹ́ẹ̀tì sọ ni mo fọwọ́ sí. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mò ń lọ fún oyè kejì, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà: ọ̀nà tí àwọn ará Ethiópíà ń gbà ka aago yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Agogo méje òwúrọ̀ tiwa ni agogo kan tiwọn, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni agogo mẹ́ta, agogo méjìlá ọ̀sán sì ni agogo mẹ́fà.

Alẹ́ ni mo dé ilé ìtura. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà fi ìka mẹ́ta hàn mí, ó ní agogo mẹ́ta ni òun yóò padà wá kó wa lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ọ̀sán ni. Bí kì í bá ṣe obìnrin tí ó wà ní kọ́ńtà, tí ó rí i pé mò ń béèrè ibi tí mo ti lè jẹun ọ̀sán, ọkọ̀ ì bá fi mí sílẹ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ 3 sí apá òsì, ó kọ 9 sí apá ọ̀tún, ó fi báírò fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yé mi. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ojú pátákó inú pápákọ̀ kò lo ti ìbílẹ̀ yìí, aago tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ti ìbílẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá dá àkókò fún Màmá, kí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún rántí pé Addis Ababa fi wákàtí méjì ṣíwájú Nàìjíríà. Kí wọ́n yí gbogbo aago wọn padà ní kété tí ọkọ̀ bá balẹ̀.

Mo sì gba Màmá níyànjú pé kí wọ́n jáde. Ilé Ìṣẹ̀m̀báyé Orílẹ̀-èdè Ethiópíà wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ń tọ́jú egungun Lucy, ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí ó jọ ènìyàn, tí wọ́n wú jáde ní Hadar ní 1974, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 3.2. Dinknesh ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Olùkọ́ ìtàn tí ó bá dé ìlú yẹn tí kò rí i, ó pàdánù ohun ńlá.

Nọ́ọ̀sì Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ tara, nítorí ẹni ọdún 68 kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 25. Wákàtí bíi márùn-ún ni wọn yóò ti fi jókòó láti Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó sínú mọ́tò láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀rẹ̀, ìjókòó tí ó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ ṣì wà níwájú. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi wákàtí 15 yìí ṣe ni kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sùn, lẹ́yìn náà kí a tó máa sọ ti ìlú wíwò.

Addis Ababa ga ju mítà 2,300 lọ sí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí ó lé ní 600, ẹ mọ bí àyà ṣe ń lù. Ìlú tí mò ń wí yìí ga ju orí òkè wa lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀ tí èémí wọn bá ń yára, kí wọ́n má bẹ̀rù, kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n máa mu omi léraléra. Kí súwẹ́tà wà nínú àpò ọwọ́, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré, pàápàá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án tí òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Gbogbo oògùn wọn, nínú páálí rẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́, kí ó má sí nínú ẹrù. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yí gbogbo aago padà. Kí fóònù máa ka àkókò ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n kí aago ọwọ́ dúró sórí àkókò ilé, kí wọ́n lè lo oògùn ọjọ́ náà ní wákàtí tí ara mọ̀. Bí wọ́n bá dé Toronto, dókítà ibẹ̀ lè bá wọn tò ó.

Nítorí orúnkún, ẹ béèrè fún àga onítáyà nísinsìnyí, ó kéré tán kí ó ku ọjọ́ méjì sí ìrìn àjò. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni ojú ń tì nítorí pé wọ́n lè rìn, bẹ́ẹ̀ ìdúró lórí ìlà gígùn ni ó ń pa orúnkún, kì í ṣe ìrìn. Ṣùgbọ́n kí ìwé ìrìnnà má ṣe kúrò lọ́wọ́ wọn, bí ẹni tí ń tì wọ́n tilẹ̀ ní òun yóò bá wọn mú un dání.

Ìyá Ìbejì (Alágbàká)

Ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ọ̀nà Áfíríkà ni o mú fún ìyá rẹ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fẹ́ lọ sí São Paulo nítorí ọjà. Ẹni tí ó tà mí ní tíkẹ́ẹ̀tì so méjì pọ̀, ó gba ìlú kan ní Yúróòpù kọjá, ó ní níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti jáde kúrò nínú pápákọ̀, n kò nílò físà kankan níbẹ̀. Mo ti sanwó ilé ìtura, mo ti gbé ẹrù dé iwájú kọ́ńtà ní Èkó, ni ọmọbìnrin tí ń ṣàyẹ̀wò ìwé bá yí ìwé ìrìnnà mi síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, físà tíráńsíìtì dà?" Ibẹ̀ ni ìrìn àjò náà parí sí. N kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gbà padà.

Òfin físà tí Yúróòpù ṣe ní 2009 dárúkọ orílẹ̀-èdè 12 tí àwọn ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà tíráńsíìtì, bí wọn kò tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ní físà Kánádà, Amẹ́ríkà tàbí Japan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò sí lára àwọn tí òfin náà mú, nítorí náà ìyá rẹ ì bá rọ́nà gbà, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń lọ sí Brazil kò ní ọ̀kankan. Ti Amẹ́ríkà le ju ìyẹn lọ, nítorí gbogbo èrò ni yóò kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí méjì péré ni o fẹ́ fi dúró.

Láti ìgbà náà, kí n tó wo iye owó, mo máa ń wo ìlú tí ìwé ìrìnnà mi lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí Newark, Lomé ni mo gbà. Òfin ECOWAS ti 1979 fún wa ní àyè láti wọ Tógò àti Gánà láìgba físà, kí a sì lò tó 90 ọjọ́. Mo fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀, mo sì wọ takisí lọ sí Ọjà Ńlá tí ó wà lẹ́bàá kàtídírà wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyálọ́jà alánkárá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti lówó títí wọ́n fi ń gun Mercedes kiri, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Mo jókòó ti obìnrin àgbà kan, ó tú ìdìpọ̀ aṣọ kan, ó fi àtàńpàkò fọ etí rẹ̀, ó ní kí n gbọ́ bí ó ṣe ń dún, pé ayédèrú kì í dún bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́ mi lọ́jà ju ọdún méjì ní Ọjà Ọba lọ. Ẹni tí kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì nínú yín, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ti ìyá rẹ, ibi méjì péré ni kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá pè é ní mẹ́ta, wọn kò ní gbádùn ọ̀kankan.

Àlàájì Yàbá (Òǹdó)

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ṣe pàtàkì gan-an. N ó fi ti Istanbul kún un fún ẹni tí ó bá gba ibẹ̀. Turkish Airlines ní ètò tí wọ́n fi ń mú èrò tí ìdúró rẹ̀ wà láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún lọ wo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè wọ orílẹ̀-èdè Túrkì nìkan ni wọ́n lè mú. Mo ní físà, mo bá wọn lọ, mo sì dúró nínú Hagia Sophia tí wọ́n kọ́ parí ní 537. Pápákọ̀ náà jìnnà sí àárín ìlú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì wà lójú ọ̀nà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ bí ìdúró rẹ̀ kò bá tó wákàtí mẹ́jọ.

Ẹni tí kò bá ní físà, Doha dára fún un. Láti 2022 ni wọ́n ti ṣí ọgbà kan sínú pápákọ̀ Hamad, tí igi gidi ń hù lábẹ́ òrùlé dígí. Wọ́n ní yàrá ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn lè nà sí, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ibi ìkírun sì wà.

Ọmọ Olùkọ́ (Àkúrẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti dáhùn pé Màmá yóò rí yàrá gbà, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò físà. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni wọn yóò jẹ níbẹ̀, nítorí wọn kì í fi ikùn wọn ṣeré? Màmá sì fẹ́ gbé ìgò epo pupa kan dání nínú àpò ọwọ́. Ṣé kò séwu?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tẹ́lẹ̀

Epo kò gbọdọ̀ sí nínú àpò ọwọ́ rárá. Ohun olómi tí ó bá ju mílílítà 100 lọ ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ wọn níbi àyẹ̀wò, wọn yóò sì tún yẹ̀ wọ́n wò ní Addis Ababa. Kí ẹ fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta sínú ẹrù ńlá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ohun tí Kánádà gbà láyè. Pawabáńkì ni kí ó wà nínú àpò ọwọ́, nítorí wọn kì í gbà á nínú ẹrù tí ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀.

Ní ti oúnjẹ, injera ni wọn yóò gbé síwájú wọn, ó fẹ̀, ó rọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ kan fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dín in, nítorí náà ẹni tí ó mọ adùn ògì kíkan kò ní kọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń dà sórí rẹ̀, ata rẹ̀ sì mú dáadáa. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì wọn kì í jẹ ẹran, nítorí náà ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni yóò pọ̀. Bí ẹnì kan bá sì fi kọfí lọ̀ wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń bù ú fún àlejò.

Nọ́ọ̀sì Ìdànrè

Ife kan ti tó, kí ó sì jẹ́ ọ̀sán. Kí wọ́n padà sí pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ọmọ Olùkọ́ (Àkúrẹ́)

Ẹ kú àtijọ́ o. Màmá ti dé Toronto láyọ̀, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Wọ́n wo lẹ́tà YYZ ní Èkó, wọ́n tilẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ náà kà á sókè. Ní Addis Ababa, wọ́n sùn títí di agogo méjìlá ọ̀sán, wọ́n sì ní àwọn kò sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti kúrò ní Àkúrẹ́. Ilé ìtura bá wọn pe takisí. Africa Hall ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ibi tí àwọn olórí Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, 1963. Ìta ni wọ́n ti wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀, wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó wá láti orí Tafawa Balewa dé Nkrumah bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì, n kò sì gbọ́ ohùn wọn kí ó le tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé, ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu nípa Lucy ni bí ó ṣe kúrú tó, pé kò ju ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Awakọ̀ náà ní agogo mọ́kànlá ni kí wọ́n máa padà. Màmá fún un ní báírò. Ó kọ 17:00. Kí ó tó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti wà lórí àga onítáyà nínú pápákọ̀, ìwé ìrìnnà wọn lórí itan.

Ìdúró ìpadàbọ̀ wọn kò ju wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ. Màmá ń béèrè bóyá a lè yí i padà sí ọjọ́ tí yóò gùn díẹ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́ tí wọ́n sin Haile Selassie sí ni àkókò kò jẹ́ kí wọ́n dé.

Ọ̀gá Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

A kí Màmá kú oríire. Ẹ mú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, kí n wo ohun tí yíyí ọjọ́ padà yóò ná yín. Ẹ sì wo ọjọ́ tí físà Ethiópíà wọn yóò kú kí ẹ tó wá.